Apá Òsì Aṣọ Òkú Ọba

Èmi ni mo máa ń ṣe kùrukùru. Tí àwọn òǹwòran bá jókòó tán, tí iná kú, tí èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í rá wá láti ẹsẹ̀ ògiri, ara wọn á bù máṣọ, wọ́n á ní eré yìí ga. Kò sẹ́ni tó máa rántí pé obìnrin kan wà lẹ́yìn kọ́tìnnì tí èéfín ń ta lójú. Ìyá Kùrukùru ni wọ́n ń pè mí. Mo ti jẹ́ orúkọ náà títí ó fi mọ́ mi lára.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré wa kò le. Ẹ̀ṣọ́ méjì ń ṣọ́ odi ààfin lóru, òtútù ń mú wọn. Agogo dún. Ọba tó ti kú jáde láti inú kùrukùru, ó gba iwájú wọn kọjá, kò sọ nǹkan kan, ó sì padà wọlé. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń dẹ́rù bani. Ẹni tó ń pariwo, a mọ ohun tó ń wá. Òkú tó dákẹ́ ńkọ́, kí la fẹ́ bi í?

Nítorí ìdákẹ́jẹ́ náà, a ní òfin kan: ẹni tó bá ti wọ aṣọ òkú ọba, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, òun náà ò sì gbọdọ̀ la ẹnu títí tó fi máa bọ́ ọ. Kódà tí ilé bá ń jó, ẹ kàn fọwọ́ júwe ẹnu ọ̀nà fún un ni.

Bàbá tó gbé òfin náà kalẹ̀ ló ń ṣe òkú ọba láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Aránṣọ, ló rán aṣọ náà: aṣọ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀, ìbòrí rẹ̀ bo ojú, òjé wẹ́wẹ́ wà ní ìṣẹ́tí rẹ̀ kó má baà fẹ́ lẹ́lẹ́. Bàbá náà ga bí òpó. Ọwọ́ aṣọ náà gùn, ó gbọ́dọ̀ ká a ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ń dùn ún, kò lè fi ká ti òsì. Nítorí náà, kó tó jáde, á dúró ti ọmọ rẹ̀, á na apá òsì sí i, ọmọ á sì fi pínnì bá a ká a. Mo rí i títí ó fi sú mi. Ní báyìí, mi ò mọ ohun tí mi ò ní fi sílẹ̀ kí n tún rí i.

Bàbá náà kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ran bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ẹ̀ṣọ́ nínú yàrá aṣọ. Kò dágbére. Ohun tó ń jẹ Aránṣọ lọ́kàn nìyẹn.

"Gbólóhùn kan péré, Ìyá Kùrukùru," ló máa ń wí. "Kí wọ́n kàn ní 'mo ń lọ'."

Ọ̀gá tó ń darí eré wá gbé ipò náà fún àbúrò olóògbé, Bàbá Kékeré. Èèyàn dáadáa ni, aláwàdà, ṣùgbọ́n tó bá dúró, ẹ máa rò pé ó ṣì jókòó ni. A gbọ́dọ̀ gé aṣọ náà kó tó bá a mu. Aránṣọ fárígá. Kò tiẹ̀ gbà láti wọn ọwọ́ Bàbá Kékeré.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Kékeré," ó ní. "Tí mo bá ki àlùmọ́gàjí bọ aṣọ yìí, mo tún pa wọ́n lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ mi," ni Bàbá Kékeré wí. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá sọ fún wa pé tí aṣọ náà kò bá ti ṣeé wọ̀ lọ́la, òun máa yọ òkú ọba kúrò nínú eré pátápátá. Iṣẹ́ tí bàbá náà fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe á wá di ohun tí kò sẹ́ni tó máa rí mọ́. Aránṣọ mọ̀. Ó sunkún, kò sì fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, níbi ìdánrawò, òjò ń rọ̀ sórí páànù, gbogbo kọ́tìnnì wà ní títì. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń tú èéfín jáde. Kùrukùru kún ilẹ̀, ó gun orúnkún wa, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi tó máa sùn sí. Agogo dún. Òkú ọba sì jáde láti inú yàrá aṣọ.

Inú bí mi. Ìbòrí bo ojú rẹ̀; mo rò pé Bàbá Kékeré ló ti lọ mú aṣọ ọmọ ọlọ́mọ láìtọrọ. Inú bí Aránṣọ náà, ṣùgbọ́n òfin lòfin, kò lè bá a wí. Ẹni tó wọ aṣọ náà dúró tì í, ó na apá òsì sí i.

Ọwọ́ Aránṣọ ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára: ó ká aṣọ náà síbi tó máa ń ká a sí, ó ki pínnì bọ̀ ọ́. Apá náà kò sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ kejì jáde láti inú aṣọ náà, ó yọ pínnì yẹn pẹ̀lẹ́, ó ká aṣọ náà sókè sí i, ó tún ká a díẹ̀ sí i, ó sì dá pínnì padà sí ọmọ náà lọ́wọ́. Aránṣọ wò ó. Ó ki pínnì bọ ibẹ̀.

Òkú ọba kọjá níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́, ó padà wọ inú kùrukùru. Ọ̀kan nínú wọn gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ìta ṣí. Bàbá Kékeré wọlé, omi òjò ń kán lára rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, òwú kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ má bínú o," ló wí. "Eyín ni wọ́n yọ fún mi. Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo pa ẹ̀rọ. Èmi àti Aránṣọ wọ yàrá aṣọ. Kò sẹ́nì kankan. Aṣọ náà wà lórí ìkọ́ rẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ ṣì ń mì díẹ̀díẹ̀, pínnì sì wà ní apá òsì.

Aránṣọ gbé e jáde, ó fi wọ Bàbá Kékeré. Ọwọ́ ọ̀tún aṣọ náà gbé ọwọ́ rẹ̀ mì. Ìṣẹ́tí ṣù jọ sórí bàtà rẹ̀, mo sì rántí pé nígbà tí aṣọ yìí gba orí ìtàgé kọjá, mi ò gbọ́ kí òjé rẹ̀ wọ́ nílẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì dúró ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Bàbá Kékeré la ẹnu láti béèrè ọ̀rọ̀. Mo fi ìka lé ètè. Aṣọ ti wà lọ́rùn rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọhùn.

Aránṣọ kúnlẹ̀. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ọwọ́ aṣọ tí wọ́n ká náà, ó mú àlùmọ́gàjí.

"Ó dàbọ̀, Bàbá mi," ó wí fún aṣọ náà, ó sì gé e.

Bàbá Kékeré kò mọ nǹkan kan. Ó rọra na apá ọ̀tún sí i.