Àdúrà Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tó Kú

Màmá arúgbó tó kàn láti jókòó sórí àga Ìyá Eyín dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ tò sẹ́yìn ìlà kejì. Bẹ́ẹ̀, láti àárọ̀ ló ti ń dúró.

"Kí ló dé tí wọ́n lọ?" Ìyá Eyín bi ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àbúrò yín làwọn ń lọ, mà."

Ìyá Eyín bọ́ ìbọ̀wọ́ tí kò tíì fi kan ẹnikẹ́ni, kò sóhun tó fẹ́ fi ọwọ́ lásán ṣe, ló bá tún wọ̀ ọ́ padà.

Ìyá Eyín kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ o. Ikọ̀ ìhìnrere ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí látìgbà tí wọ́n ti ń rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ onílẹ̀, òun ni dókítà eyín wọn. Ibi yòówù kí wọ́n dé, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń yá lò. Wọ́n á to oògùn sórí tábìlì, wọ́n á gbé àga kan síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń wọlé. Àga kan ṣoṣo. Lọ́dún yìí ló di méjì, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Òun ló mú ọmọ ìyá rẹ̀ wá, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ eyín, òun ló bẹ olórí ikọ̀ nítorí rẹ̀, àní òun ló rán an létí pé kó má gbàgbé bàtà òjò. Àfọwọ́fà ni, ta ni yóò bá a pín in?

Àṣà ikọ̀ wọn ni pé a kì í fa eyín láìgbàdúrà. Ìyá Eyín a gbé ọwọ́ lé aláìsàn lórí, a gba àdúrà ṣókí kan tó ti mọ́ ọn lẹ́nu, kó tó gbé ẹ̀mú. Àbúrò ò ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gún èèyàn lábẹ́rẹ́, tí wọ́n ń dúró kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà sí ọwọ́ mi kó má gbọ̀n." Ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti ń sunkún á wá di ọwọ́ dókítà mú, á máa fi ẹnu wíwọ́ súre fún un ní èdè tí dókítà ò gbọ́. Ó dìgbà tó bá ṣe àmín kí àbúrò tó fa eyín náà. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu dìde níbẹ̀, inú wọn á máa dùn bí ẹni tó ṣèèyàn lóore.

Àṣehàn, ni Ìyá Eyín ń wí sínú ara rẹ̀. Ọwọ́ ta ló ń gbọ̀n? Ọwọ́ tí òun kọ́?

Owú ń jẹ ẹ́. Kó má wulẹ̀ parọ́ fún Ọlọ́run, owú ni. Láàárọ̀ yìí gan-an, ìyá wọn pè láti ilé. "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun? Wọ́n ní èrò ń wọ́ tọ̀ ọ́." Kò béèrè pé ìwọ náà ńkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àkokoro sì ti bá eyín rẹ̀ kan jà lápá òsì láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Ó ń gbé oògùn mì, ó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún jẹun, kò sọ fún ẹnì kankan, torí ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó lè bá a fà á. Inú lẹ̀jẹ̀ wà, itọ́ funfun là ń tu.

Ohun tó wá dá kún un ni ọ̀rọ̀ tí olórí ikọ̀ bá a sọ lẹ́yìn ìpè yẹn. "Ìjọ ibí ń fẹ́ dókítà eyín kan tó máa dúró tì wọ́n fún ọdún kan. Agbára ẹnì kan péré ni wọ́n ní. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹni tí ẹ bá ní kó dúró ni màá bá wọn sọ."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Ìyá Eyín ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Àbúrò náà ń retí rẹ̀, kò fi bò. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Eyín ti to èsì rẹ̀ sílẹ̀: èmi ni màá dúró, ọwọ́ ọmọ yẹn ṣì ń gbọ̀n, òun náà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Lọ́sàn-án, eyín náà kọ̀ jálẹ̀, kò gbọ́ oògùn mọ́. Ìyá Eyín di ẹ̀yìn àga mú, òógùn bò ó. Àbúrò rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lanu."

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ ṣáà lanu."

Ó lanu. Àbúrò mí kanlẹ̀, ó ní kó wá jókòó. Lójú gbogbo èrò, Ìyá Eyín rìn lọ sórí àga àbúrò rẹ̀. Màmá arúgbó tó fi ìlà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yẹ̀ fún un, ó tún fọwọ́ gbá a léjìká pẹ̀lẹ́. Ká ní ilẹ̀ lanu nígbà náà, ì bá wọ̀ ọ́.

Àbúrò gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ kú, ètè tẹ̀lé e, ahọ́n wá dà bí ohun tí wọ́n yá a lò. Àbúrò na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ẹ bá mi gbàdúrà sí i."

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin gan-an ni ẹ̀rù yín ń bà mí jù."

Ìyá Eyín wo ọwọ́ náà. Láti ìdí àga tirẹ̀, kò rí i rí. Níbi tó jókòó sí yìí ló ti wá rí i pé ó ń gbọ̀n lóòótọ́.

Ó fẹ́ gba èyí tó mọ́ ọn lẹ́nu, ètè kò gbà fún un, ọ̀rọ̀ ń wọ́. Ó wá rò ó pé, irú ẹnu báyìí, ta ló máa gbọ́ ohun tóun ń wí bí kò ṣe Ọlọ́run? Ó dijú, ó di ọwọ́ náà mú.

"Olúwa, mò ń jowú ọmọ ìyá mi. Ó ti ń wù mí kí ojú tì í níwájú àwọn èèyàn wọ̀nyí. Gbà mí lọ́wọ́ owú yìí. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀."

Ohun tó jáde kò ju wúruwùru lọ. Ògbufọ̀ tó dúró tì wọ́n ń wo àjà.

Ó ṣe díẹ̀ kí àbúrò tó ní, "Àmín."

Ẹ̀mú wọlé, ọwọ́ náà kò sì gbọ̀n mọ́. Eyín bọ́ sínú àwo tòun ti gbòǹgbò rẹ̀. Àbúrò ki òwú sójú ihò, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun deyín mọ́ ọn.

Kò tíì dìde lórí àga tí olórí ikọ̀ fi wọlé. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé eyín tún ń mú oníṣègùn eyín ni?" Ó rẹ́rìn-ín tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwọn alàgbà ìjọ ti ń dúró dè mí. Ta ni kó dúró nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Àbúrò dáwọ́ dúró nídìí ẹ̀mú tó ń fọ̀.

"Òun ni," ni Ìyá Eyín wí láàárín òwú. "Àbúrò mi ni kó dúró."

"Ẹ ní kí ni?"

Ó tún un wí. Olórí ikọ̀ kọjú sí ògbufọ̀. Ògbufọ̀ ní èdè yìí kò sí nínú àwọn tóun gbọ́. Ni olórí ikọ̀ bá bi àbúrò: "Kí ni ẹ̀gbọ́n yín ń wí?"

Àbúrò nu ẹ̀mú gbẹ, ó fi í lélẹ̀.

"Wọ́n ní kí ẹ fún àwọn láyè díẹ̀ ná, sà. Kí abẹ́rẹ́ kúrò lára àwọn."

Olórí ikọ̀ jáde lọ. Ìyá Eyín jókòó síbẹ̀, ó ń rò ó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú ni àwọn dókítà eyín ń gbọ́ látàárọ̀ dalẹ́, iṣẹ́ wọn ni: ibi tó ń dùn wọ́n, ibi tí kò tíì kú dáadáa. Òun gan-an ló kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Tó bá gbọ́ èyí, á jẹ́ pé ó ti gbọ́ àdúrà ìṣáájú náà, ó sì ṣe àmín sí i.

Àbúrò kò wo ojú rẹ̀. Ó ràn án lọ́wọ́ bọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ó pe màmá arúgbó. "Tí ẹnu yín bá bọ̀ sípò," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, "tó bá ṣì jẹ́ ohun kan náà lẹ fẹ́ wí, kí ẹ pè wọ́n."

Ètè Ìyá Eyín ti ń jí díẹ̀díẹ̀. Ó deyín mọ́ òwú, ó ń wí gbólóhùn náà wò lábẹ́ ahọ́n, ó sì rí i pé bí ètè ṣe ń jí sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń nira sí i láti wí. Síbẹ̀ ó tún un wí.