Ẹni Tó Gbẹ̀yìn Nídìí Okùn

Nígbà tí wọ́n ní kí òbí tó bá ráyè wá ran àwọn ọ̀gá Síkáòtù lọ́wọ́ níbi àpéjọ ńlá wọn, Onídìrí ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wọ bàtà rọ́bà, ó sì tẹ̀ lé ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń pè ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọ inú ọgbà náà.

Láàárọ̀, wọ́n pa àgọ́, wọ́n fa okùn títí àwọn ọmọ fi ṣubú léra wọn, wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó. Kókó tí Onídìrí ta le débi pé kò ṣeé tú.

"Màmá, ẹ rọra o," ni Káfíńtà, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, wí. "Okùn lẹ mú, kì í ṣe orí ènìyàn."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ojú ọjọ́ yí padà. Òjò ò rọ̀, àmọ́ abẹ́ igi dúdú, ẹyẹ kankan ò sì dún mọ́. Ibẹ̀ ni Káfíńtà na okùn gígùn sí láti igi dé igi. Eré náà ò le: wọn á di ojú àwọn ọmọ, kálukú á fi ọwọ́ kan di okùn mú, á gbé èkejì lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n á sì máa rìn títí okùn á fi tán. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ṣíwájú. Onídìrí ni wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá, kí ọmọ kankan má baà ṣẹ́kù; wọ́n fi aṣọ di ojú òun náà.

Wọn ò tíì rìn jìnnà nígbà tí ọwọ́ kan bà lé e léjìká.

Ọwọ́ ọmọdé ni. Ó tutù, òtútù náà wọ inú aṣọ dé ara. Onídìrí rò pé ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn kan ló pẹ́ dé, tó wá tò sẹ́yìn.

"Ìwọ ta nìyẹn?" ó rọra béèrè.

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yára."

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ. Wọ́n ní kí n di okùn mú, kí n má ṣí ojú títí a ó fi dé. Ṣé a ti fẹ́ dé, mà? Ó ti rẹ̀ mí."

Onídìrí tẹ́tí kó gbọ́ èémí ọmọ náà, kò gbọ́. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ pẹ̀lú. Orí rẹ̀ wú. Ì bá já aṣọ kúrò lójú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí okùn, èkejì sì wà léjìká ọmọ ọlọ́mọ.

"A ti fẹ́ dé," ló sọ.

Fèrè dún. Káfíńtà ní kí wọ́n ṣí ojú. Ọwọ́ náà kúrò.

"Okùn ò tíì tán, mà," ni ohùn náà wí.

Onídìrí yíjú padà. Igi ló rí, àti ewé. Èjìká aṣọ rẹ̀ rin gbindin.

Àwọn ọmọ ti sáré lọ síbi eré tó kàn. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Káfíńtà, ìyẹn fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọlọ́gbà, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilẹ̀ náà, ti gbọ́ ọ, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò igi.

"Okùn yìí kì í tán síbí láyé ọjọ́un," ló wí. "Etí odò ló ń dé. Ọdún kan, ìjì bá wọn lórí ẹ̀. Ọ̀gá wọn fọn fèrè, gbogbo wọn sá. Ọmọbìnrin kan ò gbọ́ fèrè. A wá a títí. Àní bàtà ẹ̀, a ò rí i."

Ẹ̀rù ba Onídìrí, àmọ́ ọ̀rọ̀ pé ó ti rẹ ọmọ náà ló dùn ún jù.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi na okùn náà dé odò."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ńkọ́?"

Káfíńtà lọ gbé okùn wá.

Onídìrí padà sí ìdí igi àkọ́kọ́, ó di ojú, ó sì ń rìn. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ náà dé.

"Mo rò pé ẹ ti lọ, mà."

"Mo padà wá mú ẹ ni."

Wọ́n rìn títí iyanrìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rì lábẹ́ bàtà rẹ̀, tí ó ń gbóòórùn omi. Okùn tán.

"A ti dé, ọmọ mi. Ṣí ojú ẹ."

Ó gbọ́ tí aṣọ ń tú. Ó gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀. Ohùn náà wá ti iwájú rẹ̀ dún:

"Màámi dà?"

"Wọ́n wà nílé," ni Onídìrí sọ. "Máa lọ bá wọn."

Nígbà tó ṣí ojú, Káfíńtà ti ṣí fìlà. Ipa ẹsẹ̀ kékeré wà lórí iyanrìn, ó dojú kọ ọ̀nà ìta. Bí wọ́n ṣe ń wò ó ni òmíràn ń hàn níwájú rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá ẹ̀ ti kú," ni Bàbá Ọlọ́gbà, tó ti tẹ̀ lé wọn dé odò, wí. "Kò kó kúrò nílé wọn lójú títì yẹn títí ó fi kú. Ó ní ọmọ òun á wá. Tọkọtaya kan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Ẹ júwe ilé náà fún mi," ni Onídìrí wí.

Ó fi Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ́wọ́ Káfíńtà, ó sáré gba ọ̀nà ọ̀dà. Ìyàwó ilé náà ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń ké lápá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan? Mo ṣí i, mi ò rí èèyàn."

Onídìrí wo inú pálọ̀ kọjá rẹ̀. "Ọmọ mi," ló wí, "mo purọ́ fún ẹ. Ìyá ẹ ò sí níbí mọ́. Wọ́n dúró dè ẹ́ títí ni. Wọ́n ti ṣíwájú."

Kò sí atẹ́gùn, ṣùgbọ́n kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà yà sí méjì. Ọmọ ọwọ́ náà dákẹ́. Ó yí ọrùn, ó ń fi ojú tẹ̀ lé nǹkan kan kọjá lára ìyá rẹ̀, dé ìta, dé ojú títì, títí kò fi rí i mọ́.

"Màmá," ni ìyàwó náà wí, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, "ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"