Ọmọ Rachel

Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àtìkorì, tó ní kí n to kọ̀ǹpútà fún òun, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Inú mi kì í dùn sí ẹni tó bá dáhùn pé òun ń fẹ́ èyí tó ń tàn pupa, tó ń tàn búlúù. Tó bá jẹ́ iná ló wù yín, ẹ lọ bá àwọn tó ń ta gílóòbù. Wọ́n ní mo le lẹ́nu. Mo le lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ kò tíì sí ẹni tó gbé ẹ̀rọ padà wá bá mi pé mo ta ohun tí òun ò nílò fún òun.

Òfin kan tún wà tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn aláàdúrà pọ̀ ládùúgbò wa, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń wọ ilé ìjọsìn wọn. Ó ti mọ́ wọn lára débi pé bí wọ́n bá ti rí i pé inú ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ tónítóní, tó sì dákẹ́, wọ́n á ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín padà. Wáyà iná wà nílẹ̀ káàkiri, kì í wo ojú ẹni mímọ́." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á bínú.

Olúsànyà kò bọ́ tiẹ̀ nígbà tó wọlé. Mo mọ̀ ọ́n, nítorí pé ìyá rẹ̀, Màmá Rachel, ló ń rán sùtánà funfun fún gbogbo ìjọ aláàdúrà tó wà nísàlẹ̀ títì wa. Ó ti kàwé jáde ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí tó ń ya àwòrán tó ń rìn, tó ń gé fídíò fún àwọn èèyàn. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó dúpẹ́, ó wá na fóònù sí mi. Àwòrán kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, àpótí onígíláàsì, tí iná ń tàn nínú ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe Kérésì.

"Àǹtí Lará, irú èyí ni mo fẹ́. Káàdì àwòrán tó tóbi jù lọ ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ẹ jẹ́ kó lè ṣí nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má dákú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó tẹ fóònù náà. Ohùn kan jáde tí mo fi ọwọ́ bo etí. Àdúrà àgbápọ̀ ni. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á lu agogo, gbogbo ìjọ á la ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á máa sọ tiẹ̀ fún Ọlọ́run títí agogo á fi tún dún. Ilé Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí. Ní tiwa, ẹnì kan á gbàdúrà, àwọn tó kù á ṣe àmín. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú irú ìyẹn, ká má tíì sọ pé Ọlọ́run á gbọ́ ọ.

"Ìyá mi wà nínú ẹ̀," ni Sànyà wí.

Mo fún un ní àga. Ó ní wọ́n fẹ́ kó ọmọ tuntun kan jáde ní ìjọ wọn, ni ìyá òun bá bẹ òun pé kí òun wá. Òun ní iṣẹ́ oníbàárà wà lọ́wọ́ òun. Ìbá mọ síbẹ̀, àmọ́ òun tún fi kún un pé òun ò lè ronú láàárín ariwo wọn yẹn. Ìyá náà kò fèsì. Lọ́jọ́ Sunday ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Sànyà sì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé ìyá náà lọ, wọn ò sì tíì tún bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Mo mọ ìyá mi," ló wí. "Kò lè gbàdúrà kó má dárúkọ mi. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ńṣe ló fẹjọ́ mi sun Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ò jẹ́ kí n lè sùn."

Nítorí ìkómọ náà, àwọn èèyàn ti na fóònù sókè káàkiri ilé ìjọsìn, látọ̀dọ̀ akọrin títí dé ẹnu ọ̀nà. Sànyà ti lọ gba gbogbo fídíò náà jọ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń rò ni pé tí òun bá to gbogbo ohùn wọ̀nyẹn pọ̀ sójú kan, tí òun sì fi ohùn tó hàn ketekete lára fóònù kan yọ ohùn yẹn kúrò lára fóònù mìíràn, òun á bá ohùn ìyá òun nísàlẹ̀ wọn. Láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ máa ń gbé díẹ̀ nínú wọn, tó bá yá, á dákẹ́ fọ́ọ́.

Ojú tí mo fi ń wò ó ti yí padà nígbà náà, àmọ́ ẹnu mi ò rọ̀. Mo ní kó gbàgbé àpótí onígíláàsì yẹn. Mo ní ráàmù ni kó kọ́kọ́ fi ojú sí, nítorí òun ni tábìlì tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ lé. Bí tábìlì bá kéré, bó ti wù kí òṣìṣẹ́ já fáfá tó, á máa gbé ọ̀kan kúrò kó tó ráyè gbé òmíràn sílẹ̀.

"Níbo ni ìyá rẹ ti máa ń gé sùtánà?" ni mo bi í.

"Ilẹ̀ pálọ̀ ni. Ó máa ń lé gbogbo wa jáde kó lè ráyè tẹ́ aṣọ."

"Ìyẹn ni mò ń sọ. Ilẹ̀ pálọ̀ ni ká rà."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn. A wá jọ yan ìyókù. Irinṣẹ́ tó ń ya ohùn sọ́tọ̀ nílò káàdì àwòrán, mo gbà fún un, ṣùgbọ́n èyí tó wà ní àárín tó o. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó lè pín iṣẹ́ sí ọ̀nà púpọ̀ la mú, ká má mú èyí tó kàn ń sáré lójú kan. A mú dísìkì tó yá, a sì mú páwà tó ń pín iná fún ẹ̀rọ, èyí tó dára gan-an, nítorí gbogbo wa la mọ irú iná tí wọ́n ń fún wa. Àpótí irin lásán tó ní ihò afẹ́fẹ́ níwájú la fi dípò gíláàsì. Fáànù la pẹ́ lé lórí jù. Ó fẹ́ èyí tó lágbára, mo ní rárá, èyí tó dákẹ́ ni.

"Ohun tó o fẹ́ gbọ́ kéré, Sànyà. Má ra ohun tó máa pariwo mọ́ ọn."

Nígbà tí ọkọ̀ kó àwọn ẹ̀yà náà dé gáréèjì láti Èkó, èmi fúnra mi ni mo lọ gbà wọ́n. Mo ti to ẹ̀rọ títí mi ò mọ iye wọn mọ́, síbẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá mú ọpọlọ kọ̀ǹpútà sọ́wọ́, ẹ̀rù máa ń bà mí. Kò ju bísíkíìtì kan lọ. Ọ̀nà tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ọ̀nà tó wà láti Màmu dé Abígì lọ, ojú ò sì lè rí ìkankan. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ṣe é. Mo gbé e sí àyè rẹ̀, mo to ìyókù, mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ náà sì jí láìsọ̀rọ̀. Mo dúró, mo ń wò ó, bó ti máa ń ṣe mí.

Ọ̀sán ni Sànyà dé. Ọ̀dọ̀ mi la ti ṣe iṣẹ́ náà, nítorí ínfátà mi tí kì í jẹ́ kí iná lọ. Ìyá mi Abigail, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, bó ṣe máa ń ṣe bí ilé bá sú u.

Sànyà to àwọn ohùn náà sí orí ara wọn, ìlà lórí ìlà, títí wọ́n fi kún ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí fóònù tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò kan náà, ni mo bá bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ mú wọn bára mu. Ó tọ́ka sí ṣóńṣó kan lára ìlà kọ̀ọ̀kan. Agogo ni. Gbogbo fóònù ló gbọ́ agogo àdúrà náà. Ó fa ṣóńṣó gbogbo wọn sójú kan náà, ó tẹ̀ ẹ́, agogo kan ṣoṣo sì dún láti gbogbo igun ilé ìjọsìn náà. Ó wá dà bíi pé wọ́n ṣílẹ̀kùn, tí mo sì dúró sáàárín wọn.

Ẹ̀rọ náà kò dákú. Ó gbé gbogbo rẹ̀, fáànù rẹ̀ ò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Kí la ń tẹ́tí sí?" ni mo bi í.

"Olúsànyà ọmọ Rachel," ló dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aláàdúrà ń ṣe. Orúkọ èèyàn àti orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é fún Ọlọ́run, kí ìbùkún má baà ṣìnà lọ sílé Olúsànyà mìíràn. A bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohùn sọ́tọ̀. Lára fóònù tó wà lápá àwọn akọrin, nígbà tí a yọ èyí kúrò, tí a yọ tọ̀hún kúrò, ohùn obìnrin kan gòkè wá: "Olúsànyà ọmọ Rachel, Olúwa, ṣí ọ̀nà fún un." Mo di apá Sànyà mú. Ó mi orí.

"Kì í ṣe ìyá mi. Màmá Bùsúyì ni, tó ń ta epo òyìnbó."

A lọ sí ìlà mìíràn. Olúsànyà ọmọ Rachel. Ohùn ọkùnrin ni, Bàbá Adéníran tó ń lu agogo wọn. Ìlà mìíràn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kíkẹ́lọmọ, tí Sànyà ní òun ò bá sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ rí. Nínú ìlà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ń pè é lápètúnpè. Ibi tí a bá sáà ti yọ ariwo kúrò, ọmọ Rachel ló wà nísàlẹ̀. Sànyà gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìyá mi ti lọ bẹ̀ wọ́n," ló wí wẹ́rẹ́. "Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lọ bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ohun tó pè ní ariwo, orúkọ òun gan-an ló wà nínú ẹ̀, lẹ́nu àwọn tí kò kí dáadáa. Ṣùgbọ́n a wá gbogbo ìlà náà tán, a ò bá ohùn Màmá Rachel. Ojú Sànyà rẹ̀wẹ̀sì.

"Bóyá òun fúnra rẹ̀ ò pè mí, Àǹtí. Bóyá ó bínú débi pé ó gbé mi fún àwọn ẹlòmíràn."

Ìyá mi dá ẹ̀gúsí dúró. Mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa.

"Lará," ló wí, "nígbà tí mo bá ń gbàdúrà fún ẹ, ṣé ọmọ Abigail ni mò ń pè ẹ́?"

Èmi àti Sànyà wo ara wa. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ la ti ń wá, èyí tí kò lè ti ẹnu ìyá tó bí i jáde. Ó yí padà sí ẹ̀rọ. "Ọmọ mi" là ń wá báyìí. Ó pọ̀ níbẹ̀, nítorí ìyá ọlọ́mọ ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ìlà kan tó wà nítòsí pẹpẹ, lábẹ́ orin ẹnì kan, Sànyà gbọ́ nǹkan kí èmi tó gbọ́. Ó yọ orin náà kúrò. Ohùn náà kò ga rárá, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Èdè ilé, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, tó ń pe ọwọ́ ní ọghọ́, ló fi ń bá Ọlọ́run sọ ọ́.

"Bàbá, ọmọ mi ò wá. Uṣẹ́ wà lọ́ghọ́ rẹ̀. Mi ò bínú sí i. Uṣẹ́ tó ń fọghọ́ ṣe láàárọ̀ yí, Bàbá, bá mi kà á sí àdúrà rẹ̀."

Ó tún un sọ, ó tún un sọ, títí agogo fi dún.

Sànyà sunkún, kò sì fi pa mọ́. Èmi náà sunkún. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣí gbogbo wọn padà. Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà." Mo ṣí gbogbo ìlà náà. Ariwo ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn náà ló jáde, mi ò lè mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹnì kejì nínú ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ bo etí.

Sànyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi sún igbá ẹ̀gúsí rẹ̀ kí àyè lè gba bàtà náà. Sànyà fi ẹsẹ̀ lásán rìn padà wá láàárín wáyà mi, ó jókòó, mi ò sì ní kó wọ bàtà padà.