Ìbídùn Arẹwà Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Nọ́ọ̀sì ni Hephzibah, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló máa ń wọ mọ́tò láti Ọ̀kà wá sí Ìkàrẹ́, nítorí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó gbọ́dọ̀ yege. Ọ̀gbẹ́ni Rufus tó ń kọ́ wọn kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Kókó kan ló máa ń mú lọ́sẹ̀ kan. Lọ́sẹ̀ yìí, ó mú fíìmù àti òkìkí.

"Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́," ló wí bó ti ń pín ìwé. "Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo ti rí ìtàn náà."

Ìtàn òṣèrébìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìbídùn Arẹwà ni. Hephzibah ń fi ọ̀rọ̀ dí àwọn àlàfo inú rẹ̀: ọ̀rọ̀ fún ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn lójijì, ọ̀rọ̀ fún ẹni tí aráyé ò lè wò tán. Ó dé nọ́ḿbà keje: àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé òṣèré náà kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ìwé náà ní kí wọ́n yí i padà kó fi orúkọ òṣèré náà bẹ̀rẹ̀, kí àwọn tó gbàgbọ́ sì pòórá nínú gbólóhùn.

Ó kọ ọ́ tán, ó yí ìwé sí ẹ̀yìn, ó sì bá àwòrán pàdé.

Obìnrin eléjí kan ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àpá kan la irun ìpéǹpéjú òsì rẹ̀ sí méjì. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọ Àfìn ni, pé orí igi máńgòrò ló ti já bọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Hephzibah gbé ìwé náà sún mọ́ ojú.

"Hephzibah, nọ́ḿbà keje. Kí ni ìdáhùn rẹ?"

"Kò kú, sà."

"Gírámà ni mo bi ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò kú. Òun ló di irun tó wà lórí mi yìí lánàá."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kafilat tó jókòó tì í ló kọ́kọ́ rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó dé Ọ̀kà, Theresa ìyá rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ní pálọ̀.

"Màámi, ta ni Ìbídùn Arẹwà?"

Bíróò bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Kò bèèrè ibi tó ti gbọ́ orúkọ náà. Ó gba ìwé, ó kà á látòkèdélẹ̀, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Èmi ni. Bàbá rẹ ò mọ̀ títí tó fi kú."

"Wọ́n ní ẹ ti kú, Màámi!"

"Ẹnìkan kú," ni Theresa wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ púpọ̀. "Lucy ni. Òun ló máa ń bá mi gbé aṣọ tí mo fi ń ṣeré. Ibà dá mi dúró sí òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà, òun wá bá àwọn yòókù wọ bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì náà gbaná. Àpótí mi ló gbé dání, ẹ̀gbà tí wọ́n kọ orúkọ mi sí ló fi sọ́wọ́. Lórí rédíò ni mo ti gbọ́ ikú ara mi. Mo dìde kí n sáré jáde. Mo tún jókòó."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré wa ò jẹ́ kí n rímú mí. Gbogbo ibi tí mo bá sùn ló máa ń wá kàn lẹ́kùn. Mo rò ó pé kò ní wá òkú kiri. Bàbá mi fi mí pamọ́, mo gé irun mi, mo lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà."

"Àwọn ènìyàn Lucy ńkọ́?"

Theresa ká ìwé náà sí méjì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá Àrìgìdì ni ìyá rẹ̀."

Hephzibah fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Gbogbo oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń gbé iṣu lọ fún ìyá arúgbó náà. Gbogbo oṣù Kejìlá ló máa ń gbàdúrà kí Ọlọ́run dá Lucy òun padà láti Ítálì tí wọ́n ní ó lọ. Gbogbo ìgbà ni Hephzibah máa ń ṣe àmín, ìyá rẹ̀ náà á sì ṣe é.

"Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, Màámi? Ẹ sì ń ṣe àmín?"

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n lọ sí Àrìgìdì. Theresa kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá arúgbó ò pariwo, kò sunkún. Èdè Àrìgìdì ló kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀, wọn ò gbọ́. Ó tún un sọ ní Yorùbá:

"Ṣé ó jẹun kó tó wọ mọ́tò?"

"Ó jẹun, mà. Ẹ̀kọ àti àkàrà. A jọ jẹ ẹ́ ni."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ dìde kúrò nílé mi."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù Hephzibah dún. Ìyá arúgbó ni.

"Kì í ṣe ìyá rẹ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà wo lẹ máa mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ọmọ mi sí?"

Ọjọ́ kejì ni ìdánwò Hephzibah. "Lọ́la, mà," ló dáhùn.

Ìbàdàn ni ibojì náà wà, koríko ti bò ó. Ìyá arúgbó fi ìka tọ lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta. Kò mọ̀wé.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Theresa yí ojú sẹ́yìn. Hephzibah ló kà á fún un: "Ìbídùn Arẹwà."

"Ẹ pa á rẹ́," ni ìyá arúgbó wí.

Wọ́n wá bíríkìlà kan lọ́jọ́ náà gan-an. Ìró òòlù ń dún, Theresa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú koríko, ó ń wo bí orúkọ náà ṣe ń parẹ́. Ìyá arúgbó dúró ní ọ̀tọ̀. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ Theresa rárá.