Òwú Tí Kò Já

Ẹni tó bá sọ pé kò sí ọkọ̀ onígbòkun nílẹ̀ ọ̀dàn, ẹ bá mi sọ fún un pé kò dé Èbúté Àpáta rí ni. Lóòótọ́, Òkè-Ògùn kì í ṣe etí òkun. Iṣu la ń gbìn, ọkà bàbà la ń gbìn, eruku pupa ló sì ń kún wa nímú nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ títí tí Odò Ògùn kún dé ìdí àwọn igi tó wà létí rẹ̀, àwọn atukọ̀ Èbúté Àpáta á ri òpó mọ́ àárín ọkọ̀ onígi wọn, wọ́n á ta ìgbòkun sí i, wọ́n á sì sáré láti ibi àpáta ńlá tó wà lókè odò títí dé èbúté. Ọdọọdún ni, kò sì sí arúgbó tó mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ṣe ipò kìíní ni èrò ọjà Ìsẹ́yìn á kọ́kọ́ máa wọ̀ títí ọdún á fi yí po. Àwọn yòókù á máa dúró kí tiẹ̀ kún ná. Ẹ rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan Àwáwù nìyí. Ìyàwó Ràsáàkì atukọ̀ ni. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé e níyàwó, nílé àwọn aláṣọ òfì, níbi tí ariwo òfì kì í ti í dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń hun, òun ló ń rán an pọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni òfì máa ń jáde, àfi kí wọ́n rán an mọ́ra wọn kó tó di aṣọ. Bí Àwáwù bá rán tiẹ̀, ẹ lè wá ojú rírán náà títí kẹ́ ẹ má rí i. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi í ṣakọ díẹ̀. Kí ló burú ńbẹ̀? Ẹni tó mọṣẹ́ ni í fi yangàn.

Ní Èbúté Àpáta, ìyàwó ilé ló ń rán ìgbòkun ọkọ rẹ̀, aṣọ òfì funfun ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Nígbà tí Àwáwù kọ́kọ́ dé, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé òwú ilé fún un, òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí màmá náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran. Ó ní òun ni kó fi rán an, ẹyọ kan ṣoṣo, kó má ṣẹ́ ẹ po. Àwáwù béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a. Ó parí. Wàhálà àwọn àgbà wa náà nìyẹn: wọ́n á fún ọ lófin, wọ́n á pa ìdí rẹ̀ mọ́ sínú.

Àwáwù gbọ́ràn. Ní èṣín, ìgbòkun náà là. Ọkọ̀ Ràsáàkì ló ṣáájú o, ó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, ni atẹ́gùn kan bá fẹ́, ojú rírán là láti òkè dé ìsàlẹ̀, Òjó, atukọ̀ bíi tiẹ̀, sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ràsáàkì ò bínú. Ó ká àkísà náà, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jẹun. Ṣùgbọ́n Ojúọlápé, ìyàwó Òjó, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ létí odò, ó ní wọ́n ti ń sọ fáwọn pé ọmọ aláṣọ òfì ni ìyàwó yìí, àṣé ọmọ alákìísà ni. Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Odindi ọdún kan ni ọ̀rọ̀ yẹn fi ń ta Àwáwù lára. Bó bá ń gúnyán, ó ń gbọ́ ọ. Bó bá ń kírun, kí Ọlọ́hun foríjì í, ó ń gbọ́ ọ.

Bọ́dún ṣe yí po, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wọn odò káàkiri pé àwọn fẹ́ dí i, ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀ bóyá eré ọkọ̀ mìíràn ṣì ń bẹ níwájú. Àwáwù ní eré ọkọ̀ kò ní tán nígbà tí ẹ̀sín yìí ṣì wà lọ́rùn òun. Ó lọ sọ́jà, ó ra òwú náílọ́ọ̀nù, irú èyí táwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n. Ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi rán ìgbòkun náà ní àlọ, ó tún fi rán an ní àbọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi òwú ilé bò ó lójú kí ìyá ọkọ òun má baà rí i. Nígbà tó parí, ó fi ẹsẹ̀ tẹ apá kan mọ́lẹ̀, ó fa apá kejì títí ọwọ́ fi ń ro ó. Kò mira. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin.

Ọjọ́ eré pé. Ràsáàkì wọ ọkọ̀ pẹ̀lú Jẹ́ẹ́dé àbúrò rẹ̀, ẹni tí Àwáwù ń pè ní Ọkọ Kékeré, nítorí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Àwọn ọkọ̀ gòkè odò lọ síbi àpáta. Àwọn obìnrin jókòó lábẹ́ igi ní èbúté, ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan yọ ẹ̀gúsí lára bàrà. Kò pẹ́ tí ojú ọ̀run níhà ìlà oòrùn fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìjì ìparí òjò ni, ẹ sì mọ̀ pé kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọkàn Àwáwù kò lélẹ̀. Ó bi ìyá ọkọ rẹ̀ léèrè bóyá ìjì yìí ò ní le jù fáwọn tó wà lójú omi.

"Jẹ́ kó le," ni ìyá náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Bó bá le jù, ojú rírán á là, atẹ́gùn á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ wálé. Kí lo rò pé a ṣe ń fi òwú fẹ́lẹ́ rán an? Èyí tí kò bá là ló ń dojú ọkọ̀ délẹ̀. Bí bàbá ọkọ mi ṣe lọ nìyẹn. A ò rí òkú rẹ̀."

Ìdí tí Àwáwù béèrè láti ọjọ́ tó ti dé ilé yìí ló wá já bọ́ wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, níbi yíyọ ẹ̀gúsí, nígbà tí ọkọ̀ ti lọ. Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún ìyá pé mo ti rán ikú mọ́ ọkọ̀ àwọn ọmọ yín? Ó dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀. Bó ti kúrò lójú wọn báyìí, ó ká ìró sókè, ó bẹ́ lu eré.

Ó gba inú oko gbágùúdá, ó gba inú koríko tó ga jù ú lọ, bàtà rẹ̀ kan ti kù sínú ẹrẹ̀. Ìjì kò tíì dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ó ń bẹ Ọlọ́hun, ó ń bẹ òwú. Já, jọ̀ọ́. Já. Ohun tó ti fi odindi ọdún gbàdúrà pé kó má ṣẹlẹ̀, òun ló wá ń sunkún bẹ̀bẹ̀ fún yìí. Ó ń rántí bó ṣe fà á tí kò mira, ó wá ń ṣépè fún ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó yọ sétí odò, àwọn ọkọ̀ ti ń yí kọ́nà bọ̀, ti Ràsáàkì ló ṣáájú, ìgbòkun rẹ̀ wú funfun nínú òkùnkùn ọjọ́ náà. Á dára lójú ẹni tí kò mọ̀. Àwáwù ké pé kí wọ́n sọ ìgbòkun kalẹ̀. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó tú gèlè, ó ń fì í. Ràsáàkì rí i. Ó rò pé ìyàwó òun wá ki òun ni, ó na ọwọ́ sókè sí i, Jẹ́ẹ́dé sì jó díẹ̀ fún un nínú ọkọ̀.

Ni ìjì bá dé. Ìgbòkun Òjó ló kọ́kọ́ là, ó ró pàà, ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń là kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọkọ̀ ń rọra dúró sójú omi, tí àwọn ọkùnrin ń wá àjẹ̀. Ti Ràsáàkì nìkan ni kò là. Ọkọ̀ náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí etí rẹ̀ fi ń mumi. Àwáwù rí Jẹ́ẹ́dé tó sọ ara rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè mú ọkọ̀ dọ́gba. Ó rí Ràsáàkì tó ń fa okùn ìgbòkun, okùn ti tutù, kókó rẹ̀ kò tú. Lẹ́yìn náà òjò dé, ó bo gbogbo rẹ̀. Kò rí nǹkan kan mọ́.

Báwo ló ṣe padà dé èbúté, kò lè sọ. Ó kàn mọ̀ pé òun ń ronú bí wọ́n á ṣe máa pe òun láàárín ìlú: obìnrin tó fi abẹ́rẹ́ pa ọkọ. Ó ń ronú ohun tí òun máa sọ fún Fàtímọ̀ ọmọ rẹ̀. Ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì rò pé ẹkún ni. Ayọ̀ ni. Ọkọ̀ Ràsáàkì ti gun iyanrìn, ìdajì rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀, Ràsáàkì fúnra rẹ̀ dúró, omi ń ro tótó lára rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé e sọ́rùn. Àwáwù jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló béèrè. "Jẹ́ẹ́dé dà?"

Gbogbo èbúté pa lọ́lọ́. Ràsáàkì sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọkọ̀ fì, ọwọ́ Jẹ́ẹ́dé yọ̀, òun fẹ́ padà sẹ́yìn ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ òun mọ́, atẹ́gùn ló ń gbé e lọ. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo inú òjò. Ìyá náà kò sunkún, ó kàn ń nu ọ̀bẹ sára ìró rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Àwọn ọkọ̀ yòókù ń dé níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àkísà ìgbòkun wọn, Jẹ́ẹ́dé kò sí nínú wọn. Ti Òjó ló dé gbẹ̀yìn. Ẹnì kan wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń wúkọ́, ó ń pọ omi. Ìgbòkun Òjó tó là ló jẹ́ kó lè dúró, tó fi rí orí Jẹ́ẹ́dé nínú omi tó sì wọ́ ọ gókè. Ìyá wọn wá bú sẹ́kún wàyí.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń fi Jẹ́ẹ́dé ṣe yẹ̀yẹ́ pé ijó ló gbé e ṣubú. Bàbá Gbádébọ̀, olórí èbúté, di ọwọ́ Ràsáàkì mú, ó nà án sókè. Àwọn èèyàn yí ìgbòkun po, wọ́n ń fà á, wọ́n ń yin ọwọ́ tó rán an. Ojúọlápé fúnra rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwáwù, ohùn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ìyá Fàtímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, òwú wo lẹ fi rán an? Èmi náà fẹ́ fi rán ti baálé mi lọ́dún tó ń bọ̀."

Àwọn mìíràn ní àwọn náà fẹ́ mọ̀. Ẹ ò rí i? Ohun tí Àwáwù ti fi ọdún kan ń lá lálàá nìyí, láti ẹnu Ojúọlápé gan-an. Ó wo ọkọ rẹ̀. Wọ́n gbé omi fún Ràsáàkì nínú igbá, ó gbé e sí Jẹ́ẹ́dé lẹ́nu kí òun tó mu. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ti fi èékánná họ òwú ilé kúrò lójú rírán, ó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo Àwáwù lójú, ó yí ojú sí odò.

Àwáwù dìde. Ó gba ọ̀bẹ ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má fi rán ti ẹnikẹ́ni," ó ní. "Òwú àwọ̀n ni. Mi ò jẹ́ kí ìyá wa mọ̀, mi ò jẹ́ kí ọkọ mi mọ̀. Ó yẹ kó là, kò là. Òun ló ju Jẹ́ẹ́dé sómi."

Ó ti pe àbúrò ọkọ lórúkọ, kò sì mọ̀. Ó ki ọ̀bẹ bọ ojú rírán, ó là á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òwú náà le débi pé ọ̀bẹ ń fò kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó parí, Bàbá Gbádébọ̀ ronú títí, ó ní ọkọ̀ tí ìgbòkun rẹ̀ kò lè là kò bá àwọn yòókù sá eré kan náà. Ó gba ipò kìíní kúrò lọ́wọ́ Ràsáàkì, ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ìyá ọkọ ní bí wọ́n bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, kí wọ́n bá òun wí, òun lòun sọ òfin tí òun ò sọ ìdí.

Wọ́n délé. Àwáwù gbé oúnjẹ alẹ́ síwájú ọkọ rẹ̀, Ràsáàkì ò fọwọ́ kàn án. Láti yàrá kejì, wọ́n ń gbọ́ ikọ́ Jẹ́ẹ́dé.

"Ká ní Òjó ò rí i gbé," Ràsáàkì wí, "ṣé wàá sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà lẹ́nu Àwáwù. Ṣùgbọ́n ó rántí ìgbà tí gbogbo èbúté dákẹ́, tí wọ́n ń wo inú òjò. Nígbà yẹn, òun nìkan ni kò wo inú òjò. Ìgbòkun ló ń wò, ó ń ṣírò ibi tí òun ti lè tú òwú náà kúrò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

"Mi ò mọ̀, Bàbá Fàtímọ̀," ó ní.

Ràsáàkì mi orí. Ó gbé oúnjẹ náà, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ jẹ ẹ́ nínú yàrá kejì.