Ara Ọlọ́wọ́-Mẹ́wàá Ṣì Gbóná

Ẹ ti fura, ẹ kò sì ṣì í: ọbẹ̀ náà kò ti inú ẹ̀rọ ìdáná jáde. Inú ìkòkò ló ti jáde, ìkòkò dúdú kan tí etí rẹ̀ kan ti kán, tí ìyá Dókítà Eyín fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Orí gáàsì ló sì ti hó. Nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún, ńṣe ni Dókítà Eyín fi aṣọ ìnuwọ́ di ìkòkò náà mú, tó ń da ọbẹ̀ sínú abọ́ onírin ti ẹ̀rọ.

"Wọ́n ti dé," ni ọkọ rẹ̀ wí látẹnu ọ̀nà kíṣìnì. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í sáré sí ohunkóhun tí kò bá tíì wọ̀n. "Ṣé kí n ṣílẹ̀kùn, àbí kí n sọ fún wọn pé a ti kó kúrò?"

"Dádì, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìkòkò yìí lọ sí yàrá."

"Yàrá ta ni?"

"Yàrá wa! Ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn aṣọ."

Ọkùnrin náà wo ìkòkò, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Àna mi tó níyì tó báyìí, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni ìkòkò wọn wá dèrò." Ó gbé e, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ lọ sùn: "Ẹ má bínú, Màmá. Àlejò ló dé."

Ọlọ́wọ́-Mẹ́wàá ni àwọn tó ni irú ẹ̀rọ náà ń pè é láàárín ara wọn, nítorí ó ń gé, ó ń lọ̀, ó ń pò, ó ń rò, ó ń sè, ó sì ń wọn nǹkan pẹ̀lú. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, níbi tí wọ́n ti ń fi àwòrán ọbẹ̀ han ara wọn láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí wọ́n sì ń kí ara wọn kú iṣẹ́ bí ẹni pé àwọn ló rọ irin rẹ̀. Ọmọ Dókítà Eyín ló ra tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tó dé, Dókítà bu ọbẹ̀ tó ti wà lórí gáàsì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ya àwòrán rẹ̀ kí inú ọmọ rẹ̀ lè dùn. Ọmọ fi àwòrán náà sórí ẹgbẹ́. Ariwo sọ. "Ta ni màmá yìí?" "Ẹ wo bó ṣe dán!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi í jẹ Ìyá Ẹgbẹ́.

Kò pète irọ́, ká sọ tòótọ́. Ó kàn jẹ́ pé wọ́n yìn ín, kò sì tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ó ní lọ́kàn pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ti ẹ̀rọ tó ń ké bọ àwọn ènìyàn lẹ́nu, ẹ̀rù bọ́tìnì ń bà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá di èyí tí kì í dé. Tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, a máa dáhùn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ tó jẹ́ òtítọ́, ara páálí tí wọ́n fi kó ẹ̀rọ wá ló ti kà á: kí omi tó kan ara ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ yọ okùn rẹ̀ lára iná mànàmáná. Ó máa ń tẹnu mọ́ èyí gan-an. Ìyókù, orí ara rẹ̀ ló ń gbé e jáde.

Àwọn tó ń bọ̀ lónìí jẹ́ méjì. Èkíní ni Télọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó máa ń ṣojú fún gbogbo ẹgbẹ́ níbi tí wọn kò ti rán an. Èkejì ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyàwó Tuntun. Ìyẹn ló ní òun fẹ́ fojú ara òun rí bí Ìyá Ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é.

"Ẹ kúulé o, Ìyá Ẹgbẹ́!" Ohùn Télọ̀ ti dé kíṣìnì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé palọ̀. "Òórùn yìí kò jẹ́ kí n rí àtẹ̀gùn. Imú ni mo fi gun òkè!"

"Ẹ káàbọ̀ o. Ọmọ mi, káàbọ̀. Ṣé dáadáa lo dé?"

"Dáadáa ni, mà," ni Ìyàwó Tuntun dáhùn. Ojú rẹ̀ wú díẹ̀, bí ojú ẹni tí kò sùn, àbí tó sun ẹkún.

Àwọn oní Ọlọ́wọ́-Mẹ́wàá ní àṣà kan. Bí ọ̀kan bá wọ kíṣìnì èkejì, kó tó jókòó, á kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ onílé, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Dókítà Eyín mọ àṣà yìí. Nítorí rẹ̀ ló ṣe ní kí ọbẹ̀ wà ní híhó nígbà tó ń dà á.

Télọ̀ fọwọ́ kàn án. Dókítà kò mí.

"Ara rẹ̀ gbóná!" ni Télọ̀ kígbe. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu iṣẹ́ dé ni!"

Dókítà mí.

"Mo rò pé a jọ máa sè é ni, mà," ni Ìyàwó Tuntun wí jẹ́jẹ́.

"Mo ní kí ebi má pa yín dúró ni, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, mà. Ṣùgbọ́n ṣé a lè tún tàn án díẹ̀? Kí n kàn rí bó ṣe ń yí. Díẹ̀ báyìí."

Ọkọ Dókítà ti padà dé. Ó fara ti ògiri, ó ká apá, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ààlà máa gbà.

"Rárá o," ni Dókítà wí. "Bó bá ti sè tán, ó ní láti sinmi."

"Sinmi kẹ̀?" ni Télọ̀ bèèrè. "Tèmi kì í sinmi o. Bí mo bá fi po ìyẹ̀fun tán, ojú ẹsẹ̀ ni mo fi ń se ọbẹ̀."

"Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń ké."

Télọ̀ rò ó wò. "Òótọ́ ni. Ó ń ké." Irú ènìyàn tí wọ́n lè sọ fún pé ṣòkòtò tó wọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ ni Télọ̀: bí ẹni tó sọ ọ́ bá ti ka ìwé, á bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ọ. Ìyàwó Tuntun mi orí, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń há ọ̀rọ̀ náà sórí: kó sinmi, kó sinmi.

Wọ́n jókòó, wọ́n bu ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀wà ni, pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà, ó ki, ó sì dán. Télọ̀ kò sọ̀rọ̀ títí abọ́ rẹ̀ fi mọ́, ìyẹn nìkan sì tó láti kọ orin nípa rẹ̀. Ìyàwó Tuntun tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Dókítà bèèrè. "Ṣé ata ni?"

"Tèmi kò jọ èyí rí, mà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ni mò ń ṣe. Ẹ ní iná tó ga jù lọ. Ẹ ní kí n má rò ó, kí n má sì ṣí i. Mi ò rò ó, mi ò ṣí i. Ó ń jóná. Gbogbo ìgbà ló ń jóná. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá ọkọ mi gbé abọ́ náà lọ síwájú ọkọ mi, wọ́n ní, 'Wo ohun tí o fẹ́ sílé.'"

Ó tún nu ojú rẹ̀.

"Ọ̀tunla ni ẹbí ọkọ mi ń bọ̀ wá jẹun. Wọ́n ní bó bá tún jóná, àwọn á mú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá, òun ni á máa dáná nínú ilé wa, kí n lọ máa jókòó. Nínú ilé mi, mà." Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n bí ohun tí wọ́n yá a. "Ẹ̀rọ kan náà ni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ti wá yé mi báyìí. Ọwọ́ mi ni kò dára."

"Dókítà," ni ọkọ rẹ̀ pè é, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "O ò ní sọ nǹkan kan?"

Dókítà Eyín mọ ohun tó yẹ kó sọ. Kò gùn rárá. Ọbẹ̀ ẹ̀wà tó bá ki, iná kékeré ló ń fẹ́, wọn kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń rò ó. Ní òwúrọ̀ yìí gan-an, òun náà kò kúrò nídìí ìkòkò, ó ń rò ó, ó ń bomi sí i. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ, ọmọ mi. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre!" ni Télọ̀ já lu ọ̀rọ̀ tí kò tíì jáde, ó ń kọjú sí Ìyàwó Tuntun. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ta lẹ jókòó sí iwájú rẹ̀ yìí? Ìyá Ẹgbẹ́, mo fẹ́ fi ṣe ìparí ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ kò ṣeé pa mọ́ra mọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ti fẹnu kò. Látòní lọ, ẹ̀yin ni Olùkọ́ Àgbà wa. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Ọlọ́wọ́-Mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ yín ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà kọjá."

Olùkọ́ Àgbà. Dókítà Eyín mọ ohun tí ṣúgà ń ṣe fún eyín; ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ó dùn.

Ó pa ẹnu dé. Nígbà tó tún un ṣí, ohùn mìíràn ló ti ibẹ̀ jáde, ohùn tó tutù, tó sì gún régé.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìbẹ̀rù ọkàn rẹ ló ń jó ọbẹ̀ náà. Lọ fi ara balẹ̀. Iná tó ga jù lọ. Má rò ó. Má ṣí i."

"Ẹ ṣeun, mà," ni Ìyàwó Tuntun wí. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi wọ́n pamọ́ sórí itan.

Ọkọ Dókítà kúrò lára ògiri. "Mo ń lọ wo Màmá," ló wí, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ké.

"Ṣé ìyá yín wà lọ́dọ̀ yín ni?" ni Télọ̀ bèèrè, inú rẹ̀ dùn. "Kí n lọ kí wọn!"

"Wọ́n ń sinmi," ni Dókítà dáhùn kíá.

"Ilé yìí mọ ìsinmi o."

Wọ́n bọ́ sí palọ̀. Ìyàwó Tuntun kọ̀, ó ní òun kò lè jẹun tán kí òun fi abọ́ sílẹ̀ fún àgbà. Dókítà ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní kó fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, Télọ̀ di apá Dókítà mú, ó ń sọ fún un irú aṣọ tí òun máa rán fún un lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tó bá Olùkọ́ Àgbà mu, tí á ní àpò ńlá níwájú fún ṣíbí. Dókítà ń rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ. Etí rẹ̀ kan wà ní kíṣìnì. Ó gbọ́ omi. Ó gbọ́ abọ́ tó ń kan abọ́. Ó gbọ́ abọ́ onírin ti ẹ̀rọ, tí wọ́n yọ, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n dà dé. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n máa lọ.

Lẹ́yìn náà, omi dá.

"Mà?" Ohùn ọmọbìnrin náà lọ sókè díẹ̀, bí ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ ṣì í. "Mo fẹ́ fi aṣọ tútù nu ara rẹ̀. Ẹ ní kí omi tó kàn án, ká kọ́kọ́ yọ okùn rẹ̀ lára iná. Ibo lẹ fi orí okùn náà sí lára ògiri?"

Dókítà Eyín dìde. Kò mọ̀ pé òun sáré títí ó fi rí ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

Ìyàwó Tuntun ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ti na apá gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó ń wá okùn iná kó lè tọ̀ ọ́ dé ara ògiri. Ó rí i. Ó fà á síta jẹ́jẹ́. Kò gbójú sókè wo Olùkọ́ Àgbà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò, ó ń wò wọ́n pẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nǹkan rẹ̀ padà fún.

Okùn iná náà ṣì ká roboto, wáyà kékeré tí ilé iṣẹ́ fi dì í ṣì wà lára rẹ̀, orí rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì ya.