Ìgbín Kẹrin

Ọkọ mi ló ni àpótí ẹja náà: àpótí gíláàsì gígùn, omi oníyọ̀ bíi ti òkun, ẹja kéékèèké alárànbarà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń gbádùn rẹ̀ jù. Ojú Màámi ti ṣú, òjìji nìkan ni wọ́n ń rí. Lọ́sàn-án, wọ́n á fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n á ti ọwọ́ bọ omi. Ẹja á máa fẹnu kan ìka wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àbúrò ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ló kó ìgbín òkun mẹ́rin wá. Ó ní wọn yóò máa jẹ èérí ara gíláàsì. Mẹ́ta lẹ̀ mọ́ gíláàsì lóòótọ́. Ìkẹrin wọ inú iyanrìn lọ. Òun ló rẹwà jù, ara rẹ̀ dà bíi léèsì olówó ńlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i tó la ẹnu bí àpò, tó ń gbé ẹja kan mì díẹ̀díẹ̀. Ẹja náà ti gan. Aránṣọ ni mí, mi ò mọ nǹkan kan nípa òkun. Ṣùgbọ́n ìgbín tó bá mú ẹja, kì í ṣe eré ló fi sá bá a. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo gbé e lọ bá ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní òpópónà kejì.

Ó wo fọ́tò náà, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá aránṣọ, mẹ́ta yìí ò ní wàhálà. Eléyìí, ta ló ti fọwọ́ kàn án?"

"Kò tíì sí."

"Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án o! Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, abẹ́rẹ́ olóró. Aṣọ gan-an ò dá a dúró. Ó lè pa ènìyàn, kò sì sí oògùn tó ń pa oró yẹn."

Mo wojú òde. Oòrùn ti dé àtàrí, àsìkò tí Màámi máa ń ti ọwọ́ bọ omi ti tó. Mo sáré. Bàtà mi kan já lọ́nà, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù bí mo ṣe ń lọ, mo sọ ohun tí ẹlẹ́ja wí fún un.

"Ìgbín ló ń lé ọ tó o fi ń mí hẹlẹhẹlẹ báyìí?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Jọ̀ọ́, má dà á nù o. Ó rẹwà."

Mo pa fóònù.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, apá Màámi ti wọ omi dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ìyàwó mi, wá wo nǹkan tí mo rí nínú iyanrìn. Ó ń dán lọ́wọ́ bí àwo."

Ìgbín kẹrin ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Bí mo bá kígbe, wọ́n á di ọwọ́. Bí mo bá sì purọ́, ó tún burú jùyẹn lọ. Láti ìgbà tí ojú wọn ti ṣú la ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gba nǹkan lọ́wọ́ wọn: ọ̀bẹ, ìṣáná, kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti mọ̀ wá. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn ẹ̀tàn, ṣe ni wọ́n á di nǹkan ọ̀hún mú pinpin.

"Màámi, ẹ má mira. Ìgbín yẹn lóró. Ó lè pa yín."

"Ìgbín? Ìgbín wo ló léyín?"

"Abẹ́rẹ́ ló ní. Mi ò bá yín ṣeré."

Ohun kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ti ń yọ láti ẹnu ìkarahun náà, ó ń wá ọ̀nà lọ sí àtàǹpàkò wọn.

"Ohùn rẹ ń gbọ̀n," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni. Ẹ rọra yí ọwọ́ yín dà kó bọ́ sílẹ̀."

Wọ́n yí i dà. Ó bọ́ sínú iyanrìn. Mo fa apá wọn jáde, mo ń yẹ ìka wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ó ń dùn yín? Ṣé ọwọ́ ò kú?"

"Ìwọ lo fẹ́ fún un pa báyìí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí ọkọ mi dé, ó ní ká kàn wá ìdérí sí àpótí náà.

"Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ," ni Màámi wí. "Èmi ni adìẹ ọ̀hún. Nínú èmi àti ìgbín rẹ, ta ni kó kẹ́rù?"

Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló lọ mú ẹ̀mú gígùn wá, tó fi kó ìgbín náà sínú ike, tó gbé e lọ fún ẹlẹ́ja.

Lọ́jọ́ kejì, Màámi tún fa àga wọn wá.

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, Màámi."

"Ó dá ọ lójú pé kò tíì bímọ sínú iyanrìn yìí?"

Kò dá mi lójú, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo mú ẹ̀mú, mo mú ṣíbí gígùn àti asẹ́ ilé ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jọ iyanrìn náà láti igun kan. Wọ́n jókòó tì mí, ọwọ́ wọn lórí itan, wọ́n ń dúró dè mí.